Strings Inú Láptọ́ọ̀pù fún Ìsìn: Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ ìsìn Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní 1898, etí ìjọ mọ orin níbẹ̀. Strings, ìyẹn ohùn fayolíìnì àti àwọn ẹbí rẹ̀, tó bá dún bí ike, wọn á mọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn atẹdùùrù fi ń so láptọ́ọ̀pù mọ́ kíbọ́ọ̀dù, kí fayolíìnì tí eléré gidi ta lè máa dún lábẹ́ ìka wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó dára fún gbígba orin sílẹ̀ nílé lè dójú ti ènìyàn níwájú ìjọ. Nílé, bí ohùn bá pẹ́ dé, ẹ lè fi máòsì fà á ṣáájú. Nínú ìsìn, ó ti bọ́.

Nítorí náà, ìgbà tí ohùn ń dé ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Fayolíìnì tí wọ́n fi ọ̀pá fà kì í bú jáde lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wú, bí wọ́n sì ti gbà á sílẹ̀ náà ni yóò ṣe jáde. Ká ní wíwú yẹn gba 150 mílísẹ́kọ́ǹdù, tí onílù ń lu bíìtì 120 ní ìṣẹ́jú kan: ìdá kan nínú mẹ́rin bíìtì kan kò ju 125 mílísẹ́kọ́ǹdù lọ. Ẹ ti pẹ́ nìyẹn. Buffer, ìyẹn ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé e jáde, náà ń fi tirẹ̀ kún un, àmọ́ kò tó nǹkan: ní 44,100 Hz, buffer 512 jẹ́ nǹkan bí 11.6 mílísẹ́kọ́ǹdù, 128 sì jẹ́ 2.9. Ẹni tó ń dín buffer kù nítorí strings tó ń wọ́, ibi tí kò dun aláìsàn ló ń fi oògùn sí.

Strings inú kíbọ́ọ̀dù yín kì í sábà ní ìdádúró yìí. Bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ gbà á, ó ti ń dún padà kí akọrin tó parí ẹsẹ. Orin ìwé tó lọ́ra ló ń tú àṣírí rẹ̀: bákan náà ló ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Nínú strings láptọ́ọ̀pù, BBC Symphony Orchestra Discover, ti Spitfire Audio ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, kò gba kọ́bọ̀. Nǹkan bí 200 MB ni, dáta kékeré gbé e. Ẹgbẹ́ eléré ńlá ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú long (ohùn gígùn), spiccato (ohùn kúkúrú tí ọ̀pá ń ta), pizzicato (ìka ló ń ta á) àti tremolo (ọ̀pá ń gbọ̀n). Fún orin ìwé, ó dára gan-an. Bí orin ìyìn bá yára, spiccato ni kí ẹ lò. Long yóò máa wọ́ tẹ̀lé onílù lẹ́yìn.

Ibi tó ti ń já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀ ni pé kì í ṣe agbára ìka ló ń gbé long sókè, mod wheel ni, ìyẹn àgbá kékeré tó sábà wà lápá òsì kíbọ́ọ̀dù. Bí wheel bá wà nílẹ̀, ẹ ó tẹ kọ́ọ̀dù mẹ́ta, ohùn á dà bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Ẹni tó wà nídìí mixer á gbé fader yín sókè. Bí ẹ bá wá fọwọ́ kan wheel báyìí, gbogbo ilé á hó. Joystick tó ń padà sí àyè rẹ̀ fúnra rẹ̀ tún burú jù, nítorí bí ẹ bá ti fi í sílẹ̀ ni ohùn rá. Ẹ so expression pedal (pẹ́dà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀) mọ́ CC1, ìyẹn àmì tí mod wheel ń rán, nínú host (ètò tó ń gbé strings ró lórí láptọ́ọ̀pù), ọwọ́ méjèèjì á sì wà lórí kíbọ́ọ̀dù.

Session Strings 2, ti Native Instruments ní Jámánì, owó ni wọ́n fi ń rà á, ṣùgbọ́n Kontakt Player, ètò ọ̀fẹ́ tó ń mú irú ohùn bẹ́ẹ̀ dún, gbé e. Ẹgbẹ́ kékeré ni wọ́n gbà sílẹ̀. Ó ń tètè dé, ó sì sún mọ́ etí. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ orin ìyìn àti àríyá, èyí ni àwa á rà. Ó wúwo ju Discover lọ fíìfíì: ẹ ní SSD àti RAM tó tó 8 GB, torí lórí hard disk àtijọ́, ohùn á máa já. Bí RAM bá há, ẹ tẹ gbogbo orin yín tán nílé, kí ẹ wá yan Update Sample Pool lábẹ́ Purge. Kontakt á kó èyí tí ẹ kò tẹ̀ kúrò. Ẹ ṣọ́ra o: bí olórí orin bá yí key orin sókè lójijì, ohùn tí wọ́n ti kó kúrò lè pẹ́ tàbí kó má jáde rárá. Lórí kíbọ́ọ̀dù 61, keyswitch (ẹyọ kíbọ́ọ̀dù tó ń yí irú ohùn padà) náà lè bọ́ sábẹ́ ọwọ́ òsì tí ẹ bá sọ octave kalẹ̀.

SWAM Solo Strings, ti Audio Modeling ní Ítálì, kì í ṣe ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. RAM kọ́ ló ń jẹ, CPU ni. Fún fayolíìnì kan ṣoṣo tó ń dá kọrin lábẹ́ àdúrà, kò sí èyí tó tó o nínú àwọn wọ̀nyí. Kò wà fún kọ́ọ̀dù ńlá, ẹni tí kò bá sì ní expression pedal, kó má rà á.

Host ńkọ́? Cantabile Lite fún Windows jẹ́ ọ̀fẹ́. MainStage ti Mac jẹ́ dọ́là 29.99, strings sì ti wà nínú rẹ̀.

Ṣájà láptọ́ọ̀pù máa ń gbé ariwo hùùù wọ inú spíkà. DI box (àpótí kékeré tó ń wà láàárín láptọ́ọ̀pù àti mixer) tó ní ground lift (bọ́tìnì tó ń gé wáyà ilẹ̀) ló ń gé e. Bí iná bá lọ, bátìrì á gbé láptọ́ọ̀pù ró, ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù á kú, ẹ sì gbọ́dọ̀ wò bóyá host ti rí i padà kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. UPS kékeré fún kíbọ́ọ̀dù yanjú ìyẹn. Activation, ìyẹn fífi íńtánẹ́ẹ̀tì ṣí ètò náà, ilé ni kí ẹ ti ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ gbé Discover lọ síbi ìdánrawò akọrin, pẹ̀lú onílù. Orin ìwé méjì, orin ìyìn méjì. Bó bá jẹ́ orin ìyìn nìkan ló ti ń wọ́, ìgbà náà ni kí ẹ mú owó jáde fún Session Strings.