Pongo àwọn Mbuti àbí lubugo Ùgáńdà: èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Èèpo inú igi ni méjèèjì, wọ́n á bó o, wọ́n á fòòlù lù ú títí á fi fẹ̀ bí aṣọ. Pongo ni ti àwọn Mbuti, àwọn ọdẹ tó ń gbé inú igbó Ituri ní Kóńgò, ọkùnrin ló ń lù ú (òòlù eyín erin ni wọ́n ń lò láyé àtijọ́), obìnrin ló ń kùn ún. Àwọn Baganda, ẹ̀yà kan ní Ùgáńdà, ló ni lubugo, ara igi mutuba, irú ọ̀pọ̀tọ́ kan, ni wọ́n ti ń bó o.

Ojú mi rí tojú. Ẹnì kan ta ọ̀kan fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé pongo àtijọ́ ni, mo sanwó pongo, ìgbà tó dé mo tẹ́ ẹ, ó bo bẹ́ẹ̀dì! Pongo tí wọ́n ń sán mọ́dìí, báwo ló ṣe máa bo bẹ́ẹ̀dì? Mo ṣì ń tan ara mi o, àfìgbà tí mo fi àtàńpàkò tútù kan ojú ẹ̀ tí dúdú lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Lubugo ni, wọ́n kàn fi ọ̀dà kùn ún.

Nítorí náà, dúdú yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Omi èso gadéníà làwọn obìnrin Mbuti ń pò mọ́ èédú, ẹbí bùjé tiwa ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì ti rí ẹni tó fín bùjé rí, ẹ mọ̀ pé ọṣẹ ò ràn án. Ó máa ń wọnú aṣọ ni, kì í jókòó sókè bí ọ̀dà. Ẹ wo ìlà ẹ̀ náà. Pongo gidi tó wà lára ògiri mi yìí, obìnrin náà fa ìlà bí àwọ̀n láti apá ọ̀tún, ó nípọn níbì kan, ó tín-ín-rín níbòmíì, ó dédé dáwọ́ dúró, ó to ẹ̀kán mélòó kan, ó wá fi ìyókù sílẹ̀ lófìfo bí ẹni tí wọ́n pè. Tèmi ayédèrú yẹn, igun mẹ́ta kan náà ni látòkè délẹ̀.

Owó: pongo wọ́n. Ìtọ́jú: ẹ má ká ìkankan ní mẹ́rin, ẹ yí i bí ẹní, ẹ má sì fi sóòrùn.

Lubugo láǹfààní tiẹ̀ o, àjọ àṣà àgbáyé UNESCO kéde iṣẹ́ ẹ̀ ní ogún àṣà aráyé lọ́dún 2005, igi ẹ̀ kì í kú, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń wé e kí èèpo lè tún hù. Ẹ lè fi rán báàgì, fìlà. Méjèèjì dáa, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo ti gé ayédèrú tèmi náà, mo fi rán ìrọ̀rí, àwọn ọmọ ń jókòó lé e. Pongo wà lára ògiri, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbálẹ̀ nítòsí ẹ̀ tí mi ò bá sí nílé.