Ground loop isolator fún ẹ̀rọ orin àtijọ́: oògùn àìsàn kan ṣoṣo

Àpótí tí wọ́n ń pè ní ground loop isolator kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì lọ. Kò lo bátìrì, kò sì ní bọ́tìnnì kankan. Wáyà RCA pupa àti funfun tó ń gbé orin wọlé níhìn-ín, méjì mìíràn jáde lọ́hùn-ún. Tánsífọ́mà kéékèèké méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì. Àwọn tó ń tà á máa ń kọ ọ́ sára páálí pé ó ń pa gbogbo ariwo tó bá ń kùn nínú sípíkà. Irọ́ ọjà ni. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń wò, àmọ́ ó mọ̀ ọ́n wò.

Àìsàn náà ni pé kọ̀ǹpútà ní wáyà ilẹ̀ tirẹ̀, èyí tí àwọn oníná ń pè ní áàtì. Ámpílífáyà náà lè ní tirẹ̀. Bí a bá wá fi wáyà RCA so àwọn méjèèjì, irin òde wáyà náà di ọ̀nà kejì láti áàtì kan sí èkejì, òrùka (ground loop) sì ti pé nìyẹn. Iná kékeré á máa yí po nínú rẹ̀. Irin òde yẹn máa ń dènà iná náà díẹ̀, nítorí náà fọ́ltì kékeré á hù sórí rẹ̀, á sì bá orin wọlé. Hùùù tí a ń gbọ́ nìyẹn, ní 50 Hz tàbí 60 Hz, bí iná ìlú bá ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ámpílífáyà àtijọ́ ló jẹ́ pé púlọ́ọ̀gì wọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, tí kò sí áàtì níbẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dákẹ́ fún ọdún pípẹ́, tí wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin lọ́jọ́ tí a bá so kọ̀ǹpútà mọ́ wọn, pàápàá tí wáyà ẹ́ríà rédíò ara wọn bá ti lọ sílẹ̀ láti ibòmíràn. Nínú àpótí yìí, agbára òòfà ló ń gbé orin kọjá. Kò sí wáyà tó la inú rẹ̀ já láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, nítorí náà òrùka náà já.

Kí a tó ná owó lé e, ẹ yí fólúùmù ámpílífáyà sí òdo. Bí ariwo náà kò bá yí padà, ẹ̀yìn fólúùmù ni àléébù wà, isolator kò sì lè dé ibẹ̀. Àwọn kàpásítọ̀ ńlá tó ń mú iná DC (iná tó ń lọ sọ́nà kan ṣoṣo) dán ni ká kọ́kọ́ fura sí. Ohùn tiwọn sábà máa ń le ju hùùù lọ, torí pé ìlọ́po méjì iná ìlú ni, 100 Hz tàbí 120 Hz. Omi inú wọn máa ń gbẹ lẹ́yìn ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún. Èyí tí a ó fi rọ́pò kò gbọdọ̀ ní fọ́ltì tó kéré sí ti àtijọ́. Kí microfarad rẹ̀ (òǹkà bí ó ṣe lè pa iná mọ́ tó) bá ti àtijọ́ dọ́gba, tàbí kó fi ìdá márùn-ún kan jù ú lọ, nítorí èyí tó bá pọ̀ jù á máa fa iná burúkú gba inú rectifier (ẹ̀yà tó ń sọ iná ìlú di DC) nígbà tí a bá ń tan ẹ̀rọ. Èyí tí wọ́n kọ 105°C sí lára ló dára. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ sì fi mítà rí i dájú pé iná inú wọn ti wálẹ̀ kọjá 1 V kí ọwọ́ tó kàn án.

Bí ariwo bá ń tẹ̀ lé fólúùmù, ẹ máa yọ àwọn wáyà RCA lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa ámpílífáyà kí ẹ tó yọ èyíkéyìí: irin òde ló máa ń kọ́kọ́ fi ẹnu sílẹ̀, gbàù tó bá tẹ̀ lé e sì lè ba sípíkà jẹ́. Wáyà tó jẹ́ pé bí ó ti kúrò ni ẹnu ariwo pa, ibẹ̀ ni ilé isolator.

Bí ọjà náà bá dọ́wọ́, ẹ fi mítà kan irin òde ẹnu ìwọlé àti irin òde ẹnu àbájáde. Kò yẹ kí wọ́n dé ara wọn. Bí mítà bá han pí, ẹni tó ṣe é ti so wọ́n pọ̀ nínú, kò sì wúlò ju wáyà lásán lọ. Ẹ dá a padà.

Béèsì ni ibi tó ti máa ń kùnà. Irin inú tánsífọ́mà kékeré tètè máa ń yó fún agbára òòfà bí orin bá le tó sì lọ sílẹ̀ gan-an, ìlù ńlá á sì dún bí èyí tí wọ́n fi aṣọ bò. Bí a bá dín fólúùmù kọ̀ǹpútà kù, tí a wá fi ti ámpílífáyà gbé e, ó máa ń sàn. Èyí tí irin rẹ̀ tóbi, irú bí ISO-MAX ti ilé iṣẹ́ Jensen, kò ní ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, kí ó sún mọ́ ámpílífáyà, kí wáyà tó jáde lára rẹ̀ kúrú, kí ó sì jìnnà sí tánsífọ́mà iná.

Ẹ má fi í sẹ́nu phono, ẹnu ìwọlé ti gírámáfóònù, láé. Bíi 5 mV péré ni abẹ́rẹ́ àwo orin ń mú jáde. Ámpílífáyà á sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, àtúnṣe RIAA, tó ń dá béèsì àwo orin padà sí bó ṣe yẹ, á tún sọ 50 Hz di ìlọ́po méje sí i. Hùùù tí tánsífọ́mà kékeré náà bá gbà láti inú afẹ́fẹ́ á wá di ìlọ́po ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Ní ti gírámáfóònù, ẹ kọ́kọ́ wo wáyà tín-ín-rín tó yẹ kó wà lábẹ́ ìdè GND (ti wáyà ilẹ̀). Bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bá ń kùn, ẹ wo àwọn pín-ìn-nì ẹ̀yìn kátíríìjì, orí tó mú abẹ́rẹ́ dání.

Àwọn kan á ní kí ẹ gé ẹsẹ̀ áàtì kúrò lára púlọ́ọ̀gì. Lóòótọ́, ariwo á lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wáyà iná bá kan páànù ẹ̀rọ, ara ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ni iná á gbà lọ sílẹ̀.

Bí isolator bá wà níbẹ̀ tán, tí hùùù sì dín kù láìtán, òrùka kejì ló kù. Ẹ yọ wáyà ẹ́ríà lẹ́yìn rédíò. Bí ó bá dákẹ́, isolator ti wáyà ẹ́ríà yàtọ̀ sí èyí, òun ló kù kí ẹ rà.