PTCE tàbí ExCPT: èwo ni ká ṣe?

Ẹ̀yin ará wa tó fẹ́ di olùrànlọ́wọ́ apoògùn ní Amẹ́ríkà, ìdánwò méjèèjì ló ń fúnni ní oyè CPhT, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ apoògùn tó ní ìwé ẹ̀rí. PTCE ti àjọ PTCB ní ìbéèrè 90, àmọ́ 80 ni wọ́n ń fún ní máàkì. ExCPT ti àjọ NHA ní 120. 100 ni wọ́n ń kà mọ́ máàkì.

Èmi fara mọ́ PTCE, òun làwọn agbanisíṣẹ́ mọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wádìí èyí tí ìpínlẹ̀ yín ń gbà, kówó yín má baà wọgbó.

Ìṣirò ni kẹ́ ẹ múra sí jù. Oògùn olómi ọmọdé ní 250 mg nínú 5 mL. Dókítà kọ 400 mg. Mélòó lẹ ó wọ̀n? 8 mL ni. Ẹ ṣe irú rẹ̀ lójoojúmọ́, ọmọ ọlọ́mọ ló máa mu ún.