Ẹ ṣọ́ra fún àwọn "ẹnjiníà fáíbà" tó ń ta booster (kinní tí wọ́n ní ó ń mú Wi-Fi dé ọ̀nà jíjìn) kiri ẹ́sítéètì o

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ń lo fáíbà (nẹ́tì tó ń gba ojú wáyà dígí wọlé) nílé, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí dáadáa kí wọ́n tó gba owó ọwọ́ yín. Àwọn kan ń wọ ẹ́sítéètì kiri báyìí, wọ́n á gbé báàgì dúdú kọ́ èjìká, wọ́n á wọ T-shirt tó ní àmì ilé-iṣẹ́ lára (ẹnikẹ́ni ló ṣáà lè lọ tẹ̀ ẹ́ ní Ṣómólú), wọ́n á ní àwọn gbọ́ pé nẹ́tì yín ń falẹ̀, àwọn wá tún un ṣe. Ẹ ò sì ránṣẹ́ pe ẹnì kankan o. Wáyà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti orí òpó wọ ilé yín ni wọ́n wò tí wọ́n fi mọ̀, kì í ṣe pé wọ́n gbọ́ nǹkan kan lọ́fíìsì kankan.

Àǹtí kan tí ilé wọn kọjú sí tiwa ni wọ́n lù ní jìbìtì, 85,000 naira. Wọ́n ní kí n bá àwọn wo gbogbo ohun tí ọ̀gbẹ́ni náà tà fún àwọn, ohun tí mo rí níbẹ̀ ló jẹ́ kí n máa kọ èyí.

Ohun tó ń yọ àǹtí lẹ́nu tẹ́lẹ̀ ò tó nǹkan. Nínú yàrá lókè, fíìmù á kàn máa yí po lójú TV, ṣùgbọ́n ní pálọ̀ ó ń lọ geere. Ọ̀gbẹ́ni yìí dé, ó ní kí wọ́n da fáìlì ńlá kan sórí láptọ́ọ̀pù, bó ṣe ń wọlé ó nawọ́ sí ibi tí wọ́n kọ 6MB/s sí, ó ní "Mọ́mì, 50 lẹ ń sanwó fún, ẹ wo 6 péré tí wọ́n ń fún yín, olè ni wọ́n." Irọ́ gbuu! Mbps ni ilé-iṣẹ́ fi ń ta nẹ́tì, b kékeré nìyẹn, MB/s ni kọ̀ǹpútà fi ń ka fáìlì tó ń wọlé, B ńlá, B ńlá kan sì jẹ́ b kékeré mẹ́jọ. Ẹ pín 50 sọ́nà mẹ́jọ kẹ́ ẹ wò ó, 6 àti díẹ̀ lẹ máa rí. Nẹ́tì àǹtí pé pérépéré lọ́jọ́ yẹn, kò sí kinní kan tó ṣe é. Ibẹ̀ gan-an ló ti mú wọn, torí ẹ̀rù ti bà wọ́n, inú sì ti ń bí wọn sí ilé-iṣẹ́, ohunkóhun tó bá sọ lẹ́yìn ìyẹn wọ́n máa gbà.

Ẹ wá wo bó ṣe ṣe tẹ́ẹ̀sì. Ó gun òkè lọ sí yàrá, ẹ̀yìn ògiri búlọ́ọ̀kù méjì, ó kó fóònù sórí Wi-Fi 2.4GHz (ọ̀kan nínú ìgbì méjì tí Wi-Fi ilé yẹn ń lò, 5GHz ni ìkejì), ó ṣí fast.com, ìyẹn ojúlé tó ń wọn bí nẹ́tì ṣe yára tó, 11 ló gbé jáde. Lẹ́yìn tó ta ọjà ẹ̀ tán tó so ó mọ́ra, ó wá dúró sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà tuntun (àpótí tó ń pín Wi-Fi), ó kó fóònù kan náà sórí 5GHz, 48! Àǹtí pàtẹ́wọ́. Èmi so ráútà àtijọ́ padà, mo dúró síbi tó dúró sí, mo kó tèmi náà sórí èyí tó ní 5G lẹ́yìn orúkọ ẹ̀, 48 náà ló gbé jáde. Kẹ́ ẹ mọ̀ pé 5G ara ráútà yìí kì í ṣe 5G tí wọ́n ń polówó fún fóònù, kò kàn án rárá. 2.4 máa ń rìn jìnnà, ó ń gba ara ògiri kọjá, ṣùgbọ́n kò yára, gbogbo Wi-Fi àdúgbò ló sì fún mọ́ orí ẹ̀, torí ojú ọ̀nà mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀ tí ò ní kọlu ara wọn, 1, 6 àti 11. 5 yára gan-an, àmọ́ ògiri ń dá a dúró. Tẹ́ ẹnì kan bá fẹ́ ṣe tẹ́ẹ̀sì fún yín, ibì kan náà ni kó dúró sí kó tó tà á àti lẹ́yìn tó bá tà á, orúkọ Wi-Fi kan náà ni kó lò, ẹ ó rí i pé ara ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un.

Ọjà tó tà wá ńkọ́? Ráútà náà ní áńtẹ́nà mẹ́rin, ó rí gàgàrà, wọ́n kọ 1200Mbps gàdàgbà sára páálí. Ẹ yí i dojú dé, 10/100 ni wọ́n kọ sábẹ́, ìyẹn ni pé ohunkóhun tó bá gba ojú wáyà ẹ̀ kọjá ò lè ju 100 lọ láéláé, ẹni tó bá ń san owó 200Mbps ti gbé. Nígbà tá a tú u, méjì nínú áńtẹ́nà yẹn ò ní wáyà kankan nínú, ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n fi í ṣe. Wáyà tó fà lọ sókè, Cat 6 (orúkọ irú wáyà nẹ́tì tó dáa) ni wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ ha okùn kan nínú ẹ̀, òkè ẹ̀ pupa bíi bàbà, bí mo ṣe ha á díẹ̀ sí i ó di funfun, àlùmíníọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò ni wọ́n fi bàbà kùn lórí. Okùn mẹ́jọ ló sì yẹ kí wọ́n tẹ̀ sẹ́nu ẹ̀, mẹ́rin péré ló tẹ̀. Booster funfun kékeré tí wọ́n ń kì bọ ojú iná ló wá burú jù, 2.4 nìkan ló mọ̀, ẹnu kan náà ló sì fi ń gbọ́ tó fi ń sọ, torí náà ohun tó bá gbà, bí ìdajì ẹ̀ ló máa ń fi ránṣẹ́. Òun ló ta 25,000 fún wọn.

Ìwà ìkà tó tún hù tí mi ò lè gbójú fò nìyí. Nígbà tí àǹtí fẹ́ máa ná an lówó, iná pupa LOS (èyí tó ń sọ pé nǹkan kan ò wọlé mọ́ látojú wáyà fáíbà) ṣàdédé tàn lára àpótí fáíbà. Ó ti tẹ wáyà ẹ̀yìn ẹ̀ kọrọdọ, àwọn ọmọ rí i. Dígí ló wà nínú wáyà yẹn, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbà á kọjá, tẹ́ ẹ bá ti ká a jù ìmọ́lẹ̀ á jò dànù. Ẹ má jẹ́ kẹ́ni tẹ́ ẹ ò mọ̀ fọwọ́ kan ẹnu wáyà aláwọ̀ ewé yẹn rárá, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ki aláwọ̀ búlúù bọ̀ ọ́. Ẹnjiníà gidi máa ń mú power meter dání, kinní kékeré kan tó ń ka agbára ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé, dBm ló fi ń kà á. Ẹ ní kó fi hàn yín. Tó bá ti lọ sísàlẹ̀ ju -27 dBm lọ, wáyà ń ṣe nǹkan lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ sì nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ráútà. Ọ̀gbẹ́ni tiwa yìí ò ní meter, ó ní òun gbàgbé ẹ̀ sínú mọ́tò.

Ẹ gbọ́ èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìbínú: lẹ́yìn tó lọ tán, nẹ́tì wá falẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A wọ inú ráútà lọ wo àwọn tó wà lórí ẹ̀, Tecno, Itel, TV kan tó ń jẹ́ "Shop", nílé tó jẹ́ pé àǹtí àti ọmọ méjì ló ń gbé! Òun ló ṣe pásíwọ́ọ̀dù, ó sì mú un lọ, ọmọkùnrin tó ń gẹrun lẹ́yìn fẹ́ńsì jẹ́wọ́ fún wa pé òun ń san owó fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá yín ṣe ráútà, kó jáde tán kẹ́ ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù padà, ti Wi-Fi àti ti inú ráútà fúnra ẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín.

Tí nẹ́tì yín bá ń falẹ̀ lóòótọ́, ẹ fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráútà, ẹ pa Wi-Fi àwọn yòókù, ẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì. Tó bá pé lójú wáyà, inú ilé ni wàhálà wà, ẹ gbé ráútà kúrò nílẹ̀ lẹ́yìn TV síbi tó ga tó sì ṣófo, tí yàrá kan ò bá gbà síbẹ̀, wáyà bàbà gidi ni kẹ́ ẹ fà débẹ̀. Tó bá kéré lójú wáyà náà, ẹ tún un ṣe láàárọ̀ kùtù àti ní aago mẹ́jọ alẹ́. Tó bá jẹ́ alẹ́ nìkan ló ń kú, èrò ló pọ̀ lójú ọ̀nà, ilé 32 tàbí 64 lè máa pín okùn fáíbà kan, kò sí booster tó lè wo ìyẹn sàn láyé. Ilé-iṣẹ́ lẹ máa pè, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn, tí wọn ò bá dá yín lóhùn, 622 ni ti NCC (àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀), ọ̀fẹ́ ni. Owó kankan ò sì gbọdọ̀ wọ àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ èèyàn o, ọ̀gbẹ́ni yẹn ti ní òun lè bá àǹtí "sọ̀rọ̀ lọ́fíìsì" kí wọ́n gbé wọn sórí port (ojú ibi tí wáyà ń so mọ́ ní ilé-iṣẹ́) tó dáa, 15,000.

Nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́. Wọ́n láwọn rí ẹni tó jọ ọ́ níhà Ògùdù, ẹ̀yin tọ̀hún ẹ lajú. Booster, ráútà àti wáyà ẹ̀ wà lọ́dọ̀ gátémáànù wa, ìgbàkúùgbà tó bá wù ú kó wá kó o, kó ṣáà ti mú 85,000 dání.