Fọ́ọ̀mù ìhágún tí à ń rà kún fúnra ẹni: ibi tó wúlò dé, àti ibi tó ti ń já ni kulẹ̀

Inú àpòòwé ni wọ́n sábà máa ń kó o sí: fọ́ọ̀mù olójú ìwé mélòó kan, ìwé ìlànà pélébé, àti ibi tí èèyàn á ti to ohun ìní rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìbéèrè ló máa ń bi ni, á wá fi ìdáhùn ẹni kọ ìwé náà jáde. Máàkì 3 nínú 5 la fún un. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀, tó ní ọkọ tàbí aya kan, ilé kan, owó ní báńkì, àti ọmọ tí gbogbo ẹbí mọ̀, lè fi ṣe iṣẹ́ gidi. Ẹni tó ní òwò àjùmọ̀ní, tó bímọ láti ọ̀dọ̀ ìyá méjì, tó ní ilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè míì, tàbí tó ní ọmọ tí wọ́n á máa tọ́jú títí ayé, kó gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ tààrà. Fọ́ọ̀mù kò láàyè fún irú ìyẹn.

Apá alámòójútó ogún ló dára jù nínú rẹ̀. Ó máa ń fàyè sílẹ̀ fún ẹni méjì àti ẹni tó máa dípò wọn. Àṣìṣe ibẹ̀ kò ju kí èèyàn yan ẹni tó dàgbà jù ú lọ, tàbí kó yan ẹni tí kò tíì bi léèrè bóyá á gbà.

Ọ̀rọ̀ ìyókù ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù á fi ìlà rẹpẹtẹ sílẹ̀ fún "mo fún lágbájá ní nǹkan báyìí", á wá fi ìlà kan péré sílẹ̀ fún ìyókù ohun ìní. Èèyàn á to ilé, mọ́tò, owó àti ẹ̀gbà ọrùn, á rò pé òun ti parí. Ohun tó bá ní lẹ́yìn ọjọ́ náà kò sí lórúkọ ẹnikẹ́ni, òfin ni yóò sì pín in bí ẹni pé kò kọ ìhágún rárá. Ohun tó yẹ kó wà lórí ìlà yẹn rèé:

"Gbogbo ohun ìní mi tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san gbèsè mi, owó ìsìnkú mi àti ẹ̀bùn tí mo dárúkọ sókè yìí, kí wọ́n pín in dọ́gbadọ́gba fún àwọn ọmọ mi. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú ṣáájú mi, kí ìpín rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ tó bí."

Kí ẹ dárúkọ àwọn ọmọ náà, kí ẹ sì fi "àti èyíkéyìí tí mo bá tún bí" kún un. "Àwọn ọmọ mi" nìkan lè di ẹjọ́ bí ọmọ tí a gbà tọ́ tàbí ọmọ tí ìyàwó mú wá bá wà nínú ilé.

Owó tí a bá dárúkọ iye rẹ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Ká ní ohun ìní ẹnì kan tó mílíọ̀nù 10 lọ́jọ́ tó ń kọ̀wé. Ó fún ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọ̀rẹ́ ní mílíọ̀nù méjì-méjì, ó ní kí àwọn ọmọ kó ìyókù. Mílíọ̀nù 4 ló fi ọkàn sí fún wọn. Àìsàn àti gbèsè wá jẹ owó náà kù sí mílíọ̀nù 7. Ẹ̀bùn tó ní iye lórí ló kọ́kọ́ ń jáde, nítorí náà àwọn mẹ́ta yẹn á kó mílíọ̀nù 6, àwọn ọmọ á máa pín 1. Ká ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló kọ, 20 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta, 40 fún àwọn ọmọ, ìyà náà ì bá kárí.

Ìlànà ìbọ́wọ́lùwé inú àpòòwé kúrú jù. Òfin ìhágún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1837, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbé tiwọn lé, fẹ́ ẹlẹ́rìí méjì tó wà níbẹ̀ pa pọ̀. Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú yàrá kan náà. Olóhun-ìní á kọ́kọ́ sáìn lójú àwọn méjèèjì, àwọn náà á wá sáìn lójú rẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ wọn. Kí a fa ìlà sórí àlàfo tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò. Ẹni tí a hágún fún kò gbọ́dọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ tàbí aya rẹ̀. Ìwé náà á dúró o, àmọ́ ẹ̀bùn tirẹ̀ á bọ́ sọ́nù. Ohun tí a bá fi bírò tún kọ lẹ́yìn náà, tí kò sí ìbọ́wọ́lùwé tuntun àti ẹlẹ́rìí níbẹ̀, òfo ni. Ní ilẹ̀ Faransé ẹ̀wẹ̀, ìhágún tí kò ní ẹlẹ́rìí lè dúró bí olóhun bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀, tó kọ déètì, tó sì sáìn. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ sí kò lè bá ìyẹn mu. Ẹ wádìí òfin ibi tí ẹ ń gbé kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Fọ́ọ̀mù kì í sábà sọ fún ni pé ohun kan wà tí ọwọ́ ìhágún kì í tó. Owó ìfẹ̀yìntì àti owó adójútòfò sábà máa ń tọ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà lọ, ìbáà jẹ́ ọkọ tàbí aya àtijọ́. Àtúnṣe rẹ̀ kò sí nínú ìhágún. Ọ̀dọ̀ wọn la ti ń gba fọ́ọ̀mù mìíràn kún.

Bí ẹ bá rí fọ́ọ̀mù tó fi ibi tí ẹ ó kọ pásíwọ́ọ̀dù sí sílẹ̀, ẹ fo ó. Lọ́pọ̀ ibi, ẹnikẹ́ni ló lè béèrè ẹ̀dà ìhágún tí kóòtù bá ti fọwọ́ sí. Google ní ètò tirẹ̀: ẹ lè yan èèyàn tó tó 10 tí yóò gba fáìlì yín bí àkántì náà bá dákẹ́ fún oṣù 3, 6, 12 tàbí 18, èyí tí ẹ bá mú.

Àpòòwé tó bá a wá dára, ẹ lò ó. Àmọ́ ẹ má fi pín tàbí kílíìpù so ohunkóhun mọ́ ìhágún náà, nítorí ojú ihò lára ìwé máa ń jẹ́ kí kóòtù béèrè ohun tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ojúlówó kan ṣoṣo ni kí ẹ sáìn. Bí ó bá wà lọ́wọ́ yín tí wọn kò wá rí i mọ́ lẹ́yìn ikú, kóòtù lè gbà pé ẹ̀yin lẹ ya á. Tí ẹ bá sì tì í mọ́ àpótí báńkì tó jẹ́ orúkọ yín nìkan, àgbàdo inú ìgò ni fún àwọn ará ilé: báńkì lè ní kí wọ́n mú àṣẹ kóòtù wá, kóòtù á sì ní kí wọ́n mú ìhágún wá.