Abẹ Pẹlẹbẹ, Abẹ V tàbí Ìlu: Èwo Ni Ká Rà fún Gígé Orí Sìgá Ńlá?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ohun tí yóò máa fi gé orí sìgá ńlá, irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ wé láti ara odindi ewé tábà ní Kúbà, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ewé pélébé kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn bíi fìlà, òun ló sì di ewé ìta mú kí ó má baà tú. Bí a bá gé e kọjá èjìká, níbi tí orí ti parí tí ara bẹ̀rẹ̀, sìgá yóò tú mọ́ wa lẹ́nu. Bí ojú tí a là bá sì kéré jù, tipátipá ni a ó fi máa fa èéfín rẹ̀, yóò sì máa gbóná.

Abẹ pẹlẹbẹ olójú méjì ni mo gbà pé ó yẹ ká kọ́kọ́ rà. Ọ̀tún àti òsì ni ojú rẹ̀ ti ń wá pàdé, nítorí náà kì í tẹ orí sìgá fọ́ bí olójú kan ti sábà máa ń ṣe, ìwọ̀n mìlímítà 2 péré la ó sì gé kúrò. Òun ló bá gbogbo ìrísí mu: Cohiba Lanceros tín-ín-rín tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 38 nínú ìdá 64 íńsì kan, Robusto tó jẹ́ 50, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 20, àti Montecristo No. 2 olórí ṣóṣóró tó jẹ́ 52. Olórí ṣóṣóró yìí la lè gé díẹ̀, ká fà á wò kí a tó ṣáná sí i, ká sì tún gé díẹ̀ sí i bó bá ṣì le. Kí olùrà rí i dájú pé ẹnu abẹ náà gba sìgá tó nípọn jù lọ tó máa ń fà.

Abẹ V kì í gé fìlà náà kúrò. Ńṣe ló ń gbẹ́ kòtò sí àárín rẹ̀, èéfín á wá dáadáa, èérún tábà kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ wọ ẹnu. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti pọ́n, bó bá sì kú, yíya ló ń ya ewé. Ó lè jìn jù fún sìgá tín-ín-rín pẹ̀lú.

Ìlu, tó máa ń lu ihò róbótó sí orí sìgá, kéré, a lè so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ihò rẹ̀ bá jẹ́ mìlímítà 8 lórí Robusto, ojú tó là kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà orí náà, ọ̀dà inú èéfín sì máa ń kó jọ síbẹ̀ títí tí yóò fi korò. Kò wúlò rárá fún olórí ṣóṣóró.

Bí sìgá bá ṣì ṣòro láti fà lẹ́yìn tí abẹ mímú ti gé e dáadáa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n wé e le jù tàbí pé ọ̀rinrin ti pọ̀ jù lára rẹ̀ nínú àpótí. Abẹ mìíràn kò lè tún ìyẹn ṣe.