Kindle tàbí Kobo: ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Ìbàdàn fi àwòrán ẹ̀rọ ìkàwé méjì, Kindle ti Amazon àti Kobo, ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. "Ẹ̀gbọ́n mi, èwo ni kí n mú nínú méjèèjì? Ẹnì kan ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, òun ló fẹ́ bá mi rà á, wọ́n sì ní kí n fèsì kí ilẹ̀ tó ṣú." Mo bi í pé irú ìwé wo ló fẹ́ máa fi kà. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni mo bá yín sọ, ẹ tún ń bi mí ní ti ìwé."

Mi ò bá a jà. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń rà á nìyẹn: wọ́n á wo ojú ẹ̀rọ, wọ́n á wo iye owó, wọ́n á sanwó. Ìgbà tí wọ́n bá ti ra ogún ìwé tán ni wọ́n tó ń mọ̀ pé ayálégbé ni wọ́n, onílé wà níbì kan.

Tí ẹ bá gbé méjèèjì sórí tábìlì

Kindle tó kéré jù àti Kobo tó kéré jù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra lójú. Ilé-iṣẹ́ kan náà, E Ink, ni ojú ẹ̀rọ àwọn méjèèjì ti ń wá. Íǹṣì 6 ni ojú wọn, 300 ppi ni lẹ́tà wọn ṣe mọ́ kedere tó (iye àmì kékeré tó wà nínú íǹṣì kan ni ppi), ẹ lè kà wọ́n nínú oòrùn ọ̀sán gangan láìfi ọwọ́ ṣíji bò wọ́n. Tí ẹ bá ṣájì wọn lẹ́ẹ̀kan, ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó tún wá iná. Fún àwa tí iná ń ṣe ségesège lọ́dọ̀ wa, ìyẹn nìkan ti tó ìdí láti gbé fóònù sílẹ̀.

Dọ́là 110 ni Kindle kékeré ọdún 2024 nígbà tó jáde, Kobo Clara BW ọdún kan náà jẹ́ 130. Ẹ yẹ iye tí wọ́n wà báyìí wò lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ rà, ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò ogún dọ́là yẹn. Kindle olówó pọ́ọ́kú ní Amẹ́ríkà máa ń gbé ìpolówó ọjà sójú nígbà tó bá ń sùn. Tí ẹ kò bá fẹ́ ìpolówó yẹn, ẹ ó san ogún dọ́là lé e. Ó di 130 náà nìyẹn. Kobo kò ní ìpolówó lójú. Clara BW tún lè já sínú omi kó má bàjẹ́, Kindle kékeré kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Iná Clara sì ṣe é yí sí pupa rúsúrúsú bí iná àtùpà tó bá di alẹ́, ti Kindle kékeré funfun ni, kò ṣe é yí.

Tí ẹ bá fẹ́ kí Kindle ní iná rúsúrúsú, kó sì lè wọ omi, Paperwhite ni ẹ ó rà. Íǹṣì 7 ni, dọ́là 160 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta ti 2024, ìpolówó sì wà nínú iye yẹn. Kí n sọ òótọ́, ó yá láti ṣí ojú ìwé, mo fẹ́ràn rẹ̀. Kobo Libra Colour tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní bọ́tìnì tí ẹ lè fi ṣí ojú ìwé láìfọwọ́ kan ojú ẹ̀rọ, ó sì ní àwọ̀, ṣùgbọ́n dọ́là 220 ni nígbà tó jáde ní 2024. Ní ti àwọ̀ yẹn, ẹ má retí ojú fóònù. Tó bá ti di àwọ̀, 300 ppi ti di 150, ó sì máa ń rí bí àǹkárá tí oòrùn ti sá. Bí kì í bá ṣe ìwé ọmọdé tàbí ìwé aláwòrán lẹ fẹ́ máa kà, ẹ fi owó yẹn ra ìwé.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi 16GB àti 32GB dà yín lọ́kàn rú. Ìwé tó jẹ́ kìkì ọ̀rọ̀ kì í sábà ju MB kan tàbí méjì lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ni 16GB máa gbà kó tó kún.

Àgádágodo

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ìwé tí ẹ bá rà lórí ẹ̀rọ sábà máa ń ní àgádágodo lára, DRM ni wọ́n ń pè é. Ẹ ti sanwó o, ṣùgbọ́n ẹni tó tà á fún yín ló mú kọ́kọ́rọ́ dání, òun ló ń ṣílẹ̀kùn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kà á.

Ní oṣù Keje ọdún 2009, àwọn kan ní Amẹ́ríkà jí, wọ́n wá ìwé "1984" ti George Orwell tí wọ́n ti rà sórí Kindle wọn, wọn ò rí i mọ́. "Animal Farm" náà ti lọ. Ẹni tó gbé ẹ̀dà ìwé náà sórí àtẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti tà á ní Amẹ́ríkà, ni Amazon bá nawọ́ láti òkèèrè, wọ́n nù ún kúrò nínú ẹ̀rọ àwọn oníbàárà, wọ́n dá owó wọn padà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Michigan ń lo ìwé náà fún iṣẹ́ iléèwé rẹ̀. Àkọsílẹ̀ tó ń ṣe ṣẹ́ kù sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ìwé tí ó ń tọ́ka sí kò sí mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù. Jeff Bezos fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì, ó pe ohun tí wọ́n ṣe ní ìwà òmùgọ̀.

Àwọn kan máa ń gbèjà wọn pé ọjà tí kò tọ́ ni, wọ́n sì dá owó padà. Òótọ́ ni méjèèjì. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọwọ́ náà gùn tó bẹ́ẹ̀. Ìwé bébà tí ẹ bá rà ní Dùgbẹ̀, bí wọ́n bá dá ẹni tó tà á lẹ́bi lónìí, lórí pẹpẹ yín ló máa wà.

Kí ẹ má sì rò pé Amazon nìkan ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, Microsoft ti ilé-ìtajà ìwé rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje, ìwé tí àwọn ènìyàn ti rà kò ṣí mọ́. Wọ́n dá owó padà, wọ́n sì fi dọ́là 25 kún un fún ẹni tó bá ti kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀. Bí ẹ bá ti fi ọdún kan fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ nínú ìwé, dọ́là 25 ni gbogbo rẹ̀.

Èmi náà ní tèmi. Ìwé mọ́kànlá ni mo rà nígbà kan ní ilé-ìtajà kan tí mi ò ní dárúkọ. Mo pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù mi, mo gbàgbé láti sọ fún wọn. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ wọlé sórí fóònù tuntun, wọ́n fi kóòdù ránṣẹ́ sí SIM tó ti kú. Mo kọ lẹ́tà títí. Ìwé mọ́kànlá náà ṣì wà níbẹ̀, mo mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá fi ojú yìí wo ẹ̀rọ méjèèjì. Ìwé Kindle wà nínú irú fáìlì tí Amazon fúnra rẹ̀ ṣe, èyí tó bá sì ní àgádágodo kì í ṣí níbòmíràn yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tàbí áàpù Kindle tó wà lórí àkáǹtì yín. Tẹ́lẹ̀, ẹ lè wọ ojú ìtàkùn wọn, kí ẹ wa ìwé tí ẹ rà jáde sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi wáyà USB gbé e sínú Kindle, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́dọ̀ yín. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2025, wọ́n yọ bọ́tìnì yẹn kúrò.

Kobo kì í ṣe ẹni mímọ́. Ilé-iṣẹ́ Kánádà ni, Rakuten ti Japan ló ni ín láti 2012, àgádágodo sì wà lára ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n EPUB, irú fáìlì ìwé tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ púpọ̀ lè ṣí, ni ìwé wọn, àgádágodo Adobe ni wọ́n fi tì í, èyí tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mìíràn náà ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ lè wa ìwé yín jáde, kí ẹ gbé e lọ sórí PocketBook lọ́la bí Kobo bá sú yín. Bí òǹtẹ̀wé kò bá sì ti ìwé rẹ̀ (Tor Books, fún àpẹẹrẹ, ti yọ àgádágodo kúrò láti 2012), fáìlì EPUB gbalasa ni ẹ ó gbà, tiyín ni, kò sẹ́ni tó lè wá a wá. Lójú ìwé tí wọ́n fi ń tà á, wọ́n máa ń kọ ọ́ bóyá ó ní DRM tàbí kò ní. Ẹ wo ibẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

California tilẹ̀ ti ṣe òfin sí i. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2025, òǹtajà kò gbọdọ̀ kọ "rà" sára bọ́tìnì lásán fún irú ọjà bẹ́ẹ̀ láìsọ fún oníbàárà gbangba pé àṣẹ ìlò ni wọ́n ń tà fún un. Òfin náà kò kan ọjà tí ẹ lè wà jáde kó wà lọ́wọ́ yín títí láé.

Ti àmì ohùn wa

Ẹni tó fẹ́ ka Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ èyí. Lẹ́tà "é" jẹ́ ẹyọ kan fún kọ̀ǹpútà. "Ẹ́" kì í ṣe ẹyọ kan: "ẹ" ni, wọ́n á wá gbé àmì ohùn lé e lórí. Bí fọ́ǹtì inú ẹ̀rọ kò bá mọ ibi tó yẹ kó gbé àmì náà sí, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbé e lé lẹ́tà kejì, tàbí kó ya àpótí kékeré síbẹ̀. Mo ti ka ìwé tí àpótí pọ̀ nínú rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ.

Oògùn rẹ̀ kò wọ́n, ìkan náà ló sì ń ṣiṣẹ́ fún méjèèjì. Ẹ lọ gba fọ́ǹtì Gentium tàbí Charis lọ́wọ́ SIL, àjọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi wáyà so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà. Nínú Kindle ẹ ó rí fódà kan tí wọ́n kọ "fonts" sí. Nínú Kobo ẹ̀yin ni ẹ ó ṣẹ̀dá rẹ̀, lẹ́tà kékeré ni kí ẹ fi kọ ọ́. Ẹ da fọ́ǹtì sínú rẹ̀, ẹ yọ wáyà, ẹ ṣí ìwé, ẹ mú Gentium. "Ọ̀ṣọ́ọ́rọ̀" ni mo fi máa ń dán an wò. Tí gbogbo àmì rẹ̀ bá jókòó síbi tó yẹ, ẹ ti bọ́.

Bí ẹ bá ní EPUB tiyín, Kobo á kàn gbà á bí ẹ bá fi wáyà jù ú sínú rẹ̀. Kindle kò ka EPUB bẹ́ẹ̀. Láti 2022, ẹ lè fi í ránṣẹ́ gba ọ̀dọ̀ Amazon kí wọ́n bá yín yí i, tàbí kí ẹ fi calibre, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí Kovid Goyal ṣe, yí i sí AZW3, irú fáìlì tí Kindle ń kà, fúnra yín nílé. Èyí kejì ni mo máa ń ṣe.

PDF tí wọ́n ya láti inú ìwé àtijọ́ ńkọ́? Kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì. Lójú íǹṣì 6, ẹ ó máa fà á síwá sẹ́yìn bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Tábúlẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi kà á.

Ibi tí ẹ ń gbé àti ibi tí ẹ ti ń rà

Ará wa tó wà ní Peckham tàbí Manchester, Kobo ni, ẹ má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. OverDrive, ètò tí ilé ìkàwé fi ń yá ènìyàn ní ìwé orí ẹ̀rọ, ti wà nínú rẹ̀, ẹ lè yá ìwé ilé ìkàwé ìjọba ìbílẹ̀ yín lọ́fẹ̀ẹ́ láti orí ibùsùn. Ìwé ilé ìkàwé kì í dé orí Kindle báyẹn ní Bìrìtìkó. Ẹni tó wà ní Houston lè yá a sórí Kindle láti inú Libby, áàpù OverDrive, torí náà ìyẹn kò yà wọ́n síra fún un.

Ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ ní Computer Village, Ìkejà, kí ó ní kí òǹtajà yọ ẹ̀rọ náà kúrò lórí àkáǹtì ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀, lójú rẹ̀, kó tó yọ owó. Bí òǹtajà bá ní "ẹ gbé e lọ ná, ẹ ó ṣe é nílé", ẹ gbé e sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀rọ tí olówó rẹ̀ ti fi sùn pé ó sọnù. Ẹ sá fún Kindle tó ti pẹ́ ju 2012 lọ, ní 2022 ni wọ́n ti mú ìtajà ìwé kúrò lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ti àtúnṣe, Kobo ọdún 2024 ta Kindle yọ: wọ́n bá iFixit, àwọn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe, ṣe é kí ènìyàn lè ṣí i, kó pààrọ̀ bátìrì, kó sì rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà.

Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago méje lù kí àbúrò mi tó dáhùn ìbéèrè ọ̀sán. Ìwé ìfẹ́ ló ń kà, ó sì fi orúkọ òǹkọ̀wé mẹ́rin tó fẹ́ràn ránṣẹ́. Mo wá gbogbo wọn. Mẹ́ta nínú wọn ló ti bá Amazon ṣe àdéhùn pé àwọn ò ní ta ìwé orí ẹ̀rọ àwọn níbòmíràn. Gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, mo gbàgbọ́ nínú rẹ̀, Kobo ló sì wà nínú báàgì mi. Mo sọ fún un pé kó ra Kindle Paperwhite, kó jẹ́ èyí tí kò ní ìpolówó, kó má fi nọ́ńbà tó lè sọnù ṣí àkáǹtì, kó sì kọ orúkọ gbogbo ìwé tó bá rà sínú ìwé kan. Mo fi Gentium ránṣẹ́ tẹ̀lé e.

"Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀ wo ni kí n mú?"